Ǹjẹ́ Ìwé Ìbéèrè Lè Wọn Inú Ènìyàn?

Bí obìnrin kan bá gbé gàrí kalẹ̀ ní ọjà, tí ó ń fi kóńgò wọ̀n ọ́n fún àwọn oníbàárà, ẹni tí ó mọ ọjà ná kò ní wo gàrí nìkan. Yóò wo kóńgò náà pẹ̀lú. Yóò fi ọwọ́ kan ìdí rẹ̀, bóyá wọ́n ti lù ú wọnú. Bákan náà ni ó rí ní Òkè Ọya, níbi tí wọ́n ti ń pe irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ ní mùdù. Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ni a fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti gàrí. Òṣùwọ̀n kan wà tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní ilẹ̀ òkèèrè ti ń lò láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, tí ó sì ti dé ọ̀dọ̀ tiwa náà: ìwé ìdánwò tí wọ́n sọ pé ó ń wọn ọgbọ́n ìmọ̀lára. Ẹni tí ń wá iṣẹ́ lè jókòó tì í fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún un lẹ́yìn náà pé máàkì rẹ̀ kò tó ti ẹni tí ó lè darí ènìyàn. Bí kóńgò náà bá wọnú ńkọ́?

Ọgbọ́n ìmọ̀lára ni a lè pe òye tí ènìyàn fi ń mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkàn ara rẹ̀ àti nínú ọkàn ẹlòmíràn, tí ó sì fi ń kó ìbínú, ìbẹ̀rù àti ayọ̀ ní ìjánu kí wọ́n tó ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Kò sí àgbàlagbà kan ní orílẹ̀-èdè yìí, ìbáà jẹ́ ní Ṣókótó tàbí ní Kàlàbá, tí yóò sọ pé irú òye bẹ́ẹ̀ kò sí. Gbogbo wa ni a mọ ẹni tí ó wọlé tí ìjà sì parí. A sì mọ ọ̀mọ̀wé tí ó jẹ́ pé bí ó bá ti la ẹnu, ilé á dàrú. Nítorí náà, ìbéèrè wa kì í ṣe bóyá òye náà wà. Ìbéèrè wa ni bóyá òye náà gan-an ni ìwé ìdánwò wọ̀nyí ń wọ̀n, tàbí nǹkan mìíràn ni ó wọ aṣọ rẹ̀. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì ti fi ọ̀kan ṣe ẹ̀rí fún èkejì.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ ju bí àwọn tí ń ta ìdánwò náà ti ń sọ lọ. Ní ọdún 1920, Edward Thorndike, onímọ̀ nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé oríṣi mẹ́ta ni ọgbọ́n: ti èrò àti ìwé, ti ẹ̀rọ àti iṣẹ́ ọwọ́, àti ti ìbálò pẹ̀lú ènìyàn. Ó ní ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ jù lọ nínú ilé iṣẹ́ lè kùnà bí wọ́n bá fi í ṣe olórí àwọn òṣìṣẹ́, nítorí pé kò mọ ènìyàn lò. Ṣùgbọ́n Thorndike fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé ọgbọ́n kẹta yìí ṣòro láti fi ìdánwò wá rí, nítorí pé ènìyàn alààyè ni ó ń fẹ́, pẹ̀lú ojú àti ohùn rẹ̀.

Àwọn tí ó tẹ̀lé e kò dúró gbọ́ ìkìlọ̀. Kí ọdún 1930 tó dé, àwọn olùkọ́ kan ní Yunifásítì George Washington ti gbé ìdánwò kan jáde tí wọ́n ní ó ń wọn ọgbọ́n ìbálò. Ní ọdún 1937, Robert Thorndike, tí í ṣe ọmọ bíbí inú Edward, àti Saul Stein yẹ ìdánwò náà wò fínnífínní. Ohun tí wọ́n rí ni pé ohun tí ó ń wọ̀n jù lọ ni bí ènìyàn ṣe mọ ọ̀rọ̀ kà àti bí ó ṣe mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì jinlẹ̀ gba máàkì púpọ̀. Bóyá ó mọ ènìyàn lò tàbí kò mọ̀, ìdánwò náà kò lè sọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ọdún 1937 yìí sọ́kàn, nítorí pé a ó tún pàdé rẹ̀ níwájú.

Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1990, Peter Salovey ti Yunifásítì Yale àti John Mayer ti Yunifásítì New Hampshire kọ àpilẹ̀kọ kan tí wọ́n fi ọgbọ́n ìmọ̀lára ṣe àkọlé rẹ̀. Ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé ni. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó kà á. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ ni Daniel Goleman, tí ó ti ń ròyìn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ fún ìwé ìròyìn New York Times, kọ ìwé kan lórí rẹ̀ fún tèwe tàgbà. Àkọlé kékeré tí ó wà lára ìwé náà sọ pé ọgbọ́n ìmọ̀lára lè ṣe pàtàkì ju ọgbọ́n orí lọ. Ìwé náà tà wàràwàrà, ìwé ìròyìn Time sì gbé ọ̀rọ̀ náà sí ojú ewé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 1995. Ta ni kò ní fẹ́ gbọ́ pé ọmọ òun tí kò gba ipò kìíní rí ní kíláàsì lè ní ọgbọ́n mìíràn tí ó ju ti ẹni tí ó gbà á lọ? Níbi tí ọjà bá sì ti ń yá, òṣùwọ̀n kò ní pẹ́ dé.

Òṣùwọ̀n tí ó dé jẹ́ oríṣi méjì gédégédé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Oríṣi kìíní ni èyí tí ó ń bi ènìyàn léèrè nípa ara rẹ̀. EQ-i, tí Reuven Bar-On ṣe, tí ilé iṣẹ́ Multi-Health Systems ní ìlú Toronto ní Kánádà sì gbé jáde ní 1997, ní gbólóhùn 133. Èyí tí Wong àti Law ṣe ní Hong Kong ní ọdún 2002 kò ju gbólóhùn 16 lọ; bóyá nítorí kíkúrú rẹ̀ ni àwọn olùwádìí ní yunifásítì ilẹ̀ Nàìjíríà pàápàá fi ń lò ó. Ẹni tí ń ṣe ìdánwò yóò ka gbólóhùn kan, irú bíi pé òun a máa tètè mọ ohun tí ń dun àwọn ọ̀rẹ́ òun (àpẹẹrẹ tiwa ni èyí, kì í ṣe ti inú ìwé wọn), yóò sì fi àmì sí bí ó ti gbà á tó.

Ẹ fi ara yín sí ipò ẹni tí ń wá iṣẹ́. Owó ilé ti tó san, àwọn ọmọ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì wá bi yín bóyá ẹ máa ń tètè bínú. Ta ni yóò kọ ọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni? Ìyá tí ń ta ọbẹ̀ kò ní fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọbẹ̀ òun kò níyọ̀. Ní ọdún 2008, Arla Day àti Sarah Carroll ní Kánádà gbé ìwádìí kan jáde lórí èyí. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì dáhùn bí ẹni tí ń wá iṣẹ́, wọ́n sì tún ní kí wọ́n dáhùn bí ẹni tí kò wá nǹkan kan. Nígbà tí iṣẹ́ wà níwájú, máàkì EQ-i gòkè. Ìdánwò oríṣi kejì, tí a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́, kò gòkè bẹ́ẹ̀.

Irọ́ pípa nìkan kọ́ ni ìṣòro náà. Olóòótọ́ ènìyàn lè ṣi ara rẹ̀ mọ̀. Ní ọdún 2014, Oliver Sheldon, David Dunning àti Daniel Ames ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa òwò sọ ibi tí wọ́n rò pé wọ́n wà láàrín ẹgbẹ́ wọn, wọ́n sì fi èyí wé máàkì tí wọ́n gbà ní tòótọ́. Àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n gbé ara wọn ga jù. Nígbà tí wọ́n sì sọ bí wọ́n ti ṣe sí fún wọn, àwọn kan náà ni kò fẹ́ ra ìwé tàbí gba olùkọ́ tí yóò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹni tí kò ní òye náà, òye wo ni yóò fi mọ̀ pé òun kò ní in? Láti bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ léèrè nípa ara rẹ̀ dàbí kí á ní kí afọ́jú wá ṣe ìdájọ́ àwọ̀ aṣọ.

Àwọn tí ń ta ìwé ìbéèrè wọ̀nyí yóò dá wa lóhùn pé, bí ó ti wù kí ó rí, ẹni tí ó gba máàkì púpọ̀ nínú rẹ̀ sábà máa ń ṣe iṣẹ́ dáadáa. Òtítọ́ ni wọ́n sọ, ó sì tọ́ kí á wá ìdí rẹ̀. Ní ọdún 2015, Dana Joseph àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí tí ó ti wà nílẹ̀ jọ, wọ́n sì ṣe ìṣirò lé e lórí. Wọ́n yọ àwọn ohun tí a ti ń wọ̀n tipẹ́ kúrò: ọgbọ́n orí, ìfọkànsíṣẹ́, ìfarabalẹ̀, ìfararora pẹ̀lú ènìyàn, ìdánilójú pé ènìyàn lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, àti irú wọn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ gbogbo èyí tán, ohun tí ó kù tí ìwé ìbéèrè ọgbọ́n ìmọ̀lára fi lè sọ nípa iṣẹ́ ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òfo. Gàrí tí ó ti wà lọ́jà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n pò pọ̀ sínú àpò tuntun. Gàrí náà kò burú. Ohun tí a kọ sára àpò ni kì í ṣe òtítọ́, iye tí wọ́n sì ń tà á ga ju ti àtijọ́ lọ.

Oríṣi kejì yàtọ̀, ó sì yẹ kí á bọ̀wọ̀ fún èrò tí ó bí i. Mayer àti Salovey, pẹ̀lú David Caruso, sọ pé bí ọgbọ́n ni ohun yìí ní tòótọ́, a gbọ́dọ̀ lè dán an wò bí a ti ń dán ìṣirò wò: kí á má ṣe bi ọmọ bóyá ó mọ ìṣirò, kí á fún un ní ìṣirò kí ó ṣe é. Ìdánwò wọn, tí wọ́n ń pè ní MSCEIT, jáde ní ọdún 2002 pẹ̀lú ìbéèrè 141. Wọ́n fi àwòrán ojú han ẹni tí ń ṣe ìdánwò, kí ó sọ bí ìbínú, ìbànújẹ́ tàbí ìdùnnú ti pọ̀ tó nínú rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ fi àwòrán ilẹ̀ tí kò ní ènìyàn nínú hàn án, wọ́n sì bi í nípa ìmọ̀lára tí ó wà níbẹ̀. Wọ́n sọ ìtàn ẹnì kan fún un, kí ó wí bí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò ti ran ẹni náà lọ́wọ́ tó. Àwọn mẹ́ta yìí kò fẹ́ràn oríṣi kìíní náà. Ní ọdún 2008 wọ́n kọ̀wé láti bá àwọn tí ó kó oríṣiríṣi ìwà sábẹ́ orúkọ ọgbọ́n ìmọ̀lára wí.

Ṣùgbọ́n níbí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le. Méjì àti méjì jẹ́ mẹ́rin ní Èkó, ó jẹ́ mẹ́rin ní Maidúgùri, kò sì sí ìdìbò tí ó lè yí i padà. Ta ni ó mọ ìdáhùn tí ó tọ̀nà sí ìbéèrè pé báwo ni ìbànújẹ́ ti pọ̀ tó lójú ọkùnrin tí ó wà nínú àwòrán? Ọkùnrin náà kò sí níbẹ̀ kí á bi í.

Ọ̀nà méjì ni àwọn tí ó ṣe MSCEIT gbà láti yanjú rẹ̀. Èkíní ni ti ọ̀pọ̀ èrò. Wọ́n fún nǹkan bí 5,000 ènìyàn ní ìdánwò náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìdáhùn wọn ni wọ́n sì fi ń fún àwọn tí ó tẹ̀lé wọn ní máàkì. Bí àpẹẹrẹ, bí ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún bá mú ìdáhùn kan, ẹni tí ó bá mú un gba 0.60, bí márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún bá mú òmíràn, ẹni tí ó bá mú ìyẹn gba 0.05. Èyí já sí pé ìdáhùn tí ó tọ́ ni ìdáhùn tí àwọn púpọ̀ fẹnu kò sí.

Ẹ jẹ́ kí á gbé èyí wá sí agbo ilé kan. Gbogbo ará ilé ń sọ pé inú ìyàwó tuntun dùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń jẹun. Ìyá arúgbó kan wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní ọmọ náà ń sunkún nínú. Kí oṣù tó pé, gbogbo ilé ti mọ̀ pé ìyá arúgbó ni ó rí òótọ́. Òun ni a óò máa wí pé ó ní ojú inú. Bí ó bá jẹ́ ìlànà ọ̀pọ̀ èrò ni wọ́n fi fún un ní máàkì, ìyá náà ti kùnà, nítorí pé òun nìkan ni ó rí ohun tí ó rí. Ìdánwò tí ó fi ìyà jẹ ẹni tí òye rẹ̀ ga jù ti ẹgbẹ́ rẹ̀, báwo ni a ṣe lè pè é ní ìdánwò òye? Nínú ìṣirò, ìbéèrè tí ẹnì kan ṣoṣo yege níbẹ̀ ni a fi ń mọ ọ̀gá. Níhìn-ín, kò sí ààyè fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rárá.

Ọ̀nà kejì ni ti àwọn amòye. Wọ́n kó amòye 21 jọ láti inú ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí ìmọ̀lára ti àgbáyé, wọ́n sì fi ìdáhùn tiwọn ṣe ìlànà. Ní 2003 wọ́n kéde pé ìdáhùn àwọn amòye àti ti ọ̀pọ̀ èrò sún mọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí, wọ́n sì fi èyí ṣe ẹ̀rí pé òtítọ́ kan wà níbẹ̀ tí àwọn méjèèjì ń rí. Ó ṣeé ṣe. Ó sì tún ṣeé ṣe pé ohun tí gbogbo ìlú ń sọ ni àwọn amòye náà ń sọ. Nígbà tí wọ́n dán ìdánwò tí ó ṣáájú MSCEIT wò, ìlànà méjèèjì tilẹ̀ ya ara wọn. Richard Roberts, Moshe Zeidner àti Gerald Matthews ni wọ́n gbé èyí jáde ní 2001, lẹ́yìn tí wọ́n fi ìdánwò náà wá inú àwọn 704 tí ń kọ́ iṣẹ́ ológun òfurufú ní Amẹ́ríkà. Èsì tí ìlànà amòye mú wá lòdì sí èyí tí ìlànà ọ̀pọ̀ èrò mú wá. Ìwé ìdáhùn ènìyàn kò yí padà. Ẹni tí ó fún un ní máàkì ni ó yí padà.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí olùgbanisíṣẹ́ mọ̀ kí ó tó san owó. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ní òdiwọ̀n kan tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan méjì ti ń bá ara wọn rìn tó. Bí wọ́n bá ń bá ara wọn rìn bí ènìyàn àti òjìji rẹ̀, òdiwọ̀n náà jẹ́ 1. Bí kò bá sí ohun tí ó pa wọ́n pọ̀, ó jẹ́ 0. Ní ọdún 2003, Marc Brackett àti Mayer fún àwọn ènìyàn kan náà ní MSCEIT àti EQ-i. Ohun tí wọ́n rí ni 0.21. Ní ìtumọ̀ ìṣirò, nínú ìpín ọgọ́rùn-ún ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń wọ̀n, nǹkan bí ìpín mẹ́rin péré ni wọ́n jọ ní. Ẹ wo obìnrin méjì tí wọ́n fi kóńgò wọn wọn gàrí inú àpò kan náà, tí iye tí ọ̀kan kà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú iye tí èkejì kà. Ọlọ́jà wo ni yóò sọ pé kóńgò ni àwọn méjèèjì? Láti nǹkan bí ọdún 2000 ni Petrides àti Furnham ní Lọ́ńdọ̀nù ti dá a lábàá pé kí á fún wọn ní orúkọ méjì, kí ọ̀kan jẹ́ ti ìwà, kí èkejì jẹ́ ti agbára. Àwọn ọ̀mọ̀wé gbọ́. Àwọn tí ń tà á kò gbọ́, nítorí pé orúkọ kan ni ó ń mówó wọlé.

A kò gbọ́dọ̀ torí èyí sọ pé òfìfo ni MSCEIT. Ní 2014, Carolyn MacCann ti Yunifásítì Sydney àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ohun tí ó ń wọ̀n bá àwọn ẹ̀ka ọgbọ́n orí yòókù tan, bí ẹ̀ka igi kan ti ń bá òmíràn tan. Ní 2020, òun àti àwọn mìíràn kó ìwádìí tí ó kan akẹ́kọ̀ọ́ 42,529 jọ: ìdánwò oríṣi kejì bá àṣeyọrí ní ilé ẹ̀kọ́ rìn tó 0.24, ti àwọn tí ó kàn ń sọ nípa ara wọn kò ju 0.12 lọ. Dana Joseph kan náà pẹ̀lú Daniel Newman ti sọ ní 2010 pé níbi iṣẹ́ tí ènìyàn ti gbọ́dọ̀ máa tọ́jú ojú àti ohùn rẹ̀ níwájú oníbàárà, ìdánwò wọ̀nyí ní ìwúlò díẹ̀. Nǹkan kan ń bẹ nínú àpò náà. Kí ni nǹkan náà?

Nathan Brody, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, dáhùn ní 2004 lọ́nà tí ó tẹ́ mi lọ́rùn jù lọ. Ó ní ìmọ̀ nípa ìmọ̀lára ni ìdánwò náà ń wọ̀n, kì í ṣe agbára láti lò ó. Ẹni tí ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun fara balẹ̀ kò tíì fara balẹ̀. Awakọ̀ tí ó mọ gbogbo òfin ojú pópó lórí ìwé lè gbàgbé wọn nígbà tí ọkọ̀ mìíràn bá já sí i lẹ́nu. Ìdánwò náà mọ ẹni tí ó ka ìlànà àwùjọ rẹ̀ dáadáa, tí ó sì gbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ ìbéèrè. Ohun tí Robert Thorndike àti Stein rí ní 1937 kò jìnnà sí èyí.

Bí ó bá sì jẹ́ ìlànà àwùjọ ni, àwùjọ ta ni? Ìbéèrè yìí kàn wá ju ọ̀pọ̀ lọ. Ní 2002, Hillary Elfenbein àti Nalini Ambady kó ìwádìí láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ, wọ́n sì fi hàn pé ènìyàn máa ń ka ojú àwọn ará ilé rẹ̀ dáadáa ju ojú àlejò lọ. Ní 2014, Maria Gendron àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwòrán ojú lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ará Himba ní Nàmíbíà, wọ́n ní kí wọ́n kó àwọn tí ó jọra jọ. Ọ̀nà tí àwọn Himba gbà kó wọn jọ kò bá ti àwọn ará Amẹ́ríkà mu. Ní 2016, ìwádìí mìíràn ní erékùṣù Trobriand ní Papua New Guinea fi hàn pé ojú tí àwọn Òyìnbó ń pè ní ojú ẹ̀rù, ojú ẹni tí ń halẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ kà á sí.

Àwa náà kò ní ṣàì ní tiwa. Yorùbá ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n Yorùbá kan náà ni ó ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni a ń fi í rín. Ọmọ tí ó wolẹ̀ níwájú àgbà, ọ̀wọ̀ ni ó ń bù fún un. Àlejò lè rò pé ẹ̀bi ni ó ń pa á. Ọ̀dọ́mọkùnrin Fúlàní tí ń ṣe ṣàró yóò gba pàṣán ní ìhòòhò àyà láìfajúro, nítorí pé ìtìjú ńlá ni kí ìrora hàn lójú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ya àwòrán rẹ̀ ní ìṣẹ́jú náà, tí ó sì gbé e fún èrò 5,000 ní ìlú òkèèrè, ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọn yóò kọ. Ọ̀mọ̀wé M. O. A. Durojaiye, ọmọ orílẹ̀-èdè yìí tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa ọkàn, kọ̀wé ní 1993 pé lójú Yorùbá, ara ọgbọ́n ni kí ènìyàn mọ ọ̀rọ̀ gbọ́ jinlẹ̀ ju kí ó kàn mọ̀ ọ́n sọ lọ, kí ó sì lè rí ọ̀rọ̀ ní ìhà gbogbo. Ìdánwò wo ni ó ń fún ènìyàn ní máàkì fún dídákẹ́?

Nítorí náà, bí ilé iṣẹ́ kan bá gbé irú ìwé yìí síwájú ọmọ yín, ó tọ́ kí ó fi ọ̀wọ̀ béèrè oríṣi èwo ni, àti ìdáhùn àwọn ta ni wọ́n fi ń ṣe ìdájọ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ láti fi kọ́ òṣìṣẹ́ ni, kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ nípa ìwà rẹ̀, kò sí ìpalára níbẹ̀. Láti fi máàkì rẹ̀ nìkan gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan fún ẹlòmíràn, ìwà àìṣòdodo ni, nítorí pé àwọn tí ó ṣe òṣùwọ̀n náà pàápàá kò tíì fẹnu kò lórí ohun tí ó ń wọ̀n.

Àwọn kan ti ń wá ọ̀nà tí ó sàn jù. Ní ìlú Geneva ní Siwitsalandi, Katja Schlegel, Didier Grandjean àti Klaus Scherer gbé ìdánwò kan jáde ní 2014 tí ó ní fídíò kéékèèké 83. Òṣèré mẹ́wàá ni wọ́n ní kí ó fi oríṣi ìmọ̀lára 14 hàn pẹ̀lú ojú, ara àti ohùn, ní ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe èdè ẹnikẹ́ni, kí èdè má baà ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Nínú èyí, ìdáhùn tí ó tọ́ ti wà kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀: ìmọ̀lára tí wọ́n ní kí òṣèré fi hàn ni. Kò sí pé à ń ka ìbò. Ṣùgbọ́n eré ni eré, àwọn òṣèré ilẹ̀ Yúróòpù sì ni wọ́n. Kíka ojú nìkan ni ó sì ń wọ̀n. Bí obìnrin akọ̀wé báńkì yóò ti ṣe nígbà tí oníbàárà kẹta bá pariwo mọ́ ọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, tí iná mànàmáná ti lọ, tí ìlà àwọn tí ń dúró sì ti dé ẹnu ọ̀nà, ẹni tí ó bá dúró síbẹ̀ ní òwúrọ̀ náà ni ó lè sọ ọ́.